MKO Abíọ́lá àti àga alága ITT: kí ló wà lọ́wọ́ ẹni tó jókòó sí i?

Bí wọ́n bá dárúkọ Olóògbé Moshood Káṣìmawò Ọláwálé Abíọ́lá nílẹ̀ Ẹ̀gbá lónìí, June 12 ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí èèyàn lọ́kàn: ìbò ọdún 1993, àhámọ́ ọdún mẹ́rin, àti ikú òjijì lọ́jọ́ keje oṣù keje ọdún 1998. Pápá ìṣeré tó wà ní Kútọ̀ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ gíga pólì tó wà l'Ójéèrè náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó di olóṣèlú tí gbogbo ayé mọ̀, iṣẹ́ kan wà tó ti ń ṣe bọ̀ fún bí ogún ọdún, tí àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ nípa rẹ̀. Òun ni alága ìgbìmọ̀ olùdarí, ìyẹn bọ́ọ̀dù, ní ẹ̀ka Nàìjíríà ti ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń ta ẹ̀rọ tẹlifóònù fún ìjọba. Ibẹ̀ ló ti di olówó. Ibẹ̀ náà ló ti gba èébú tó ṣì ń dún nínú rẹ́kọ́ọ̀dù títí dòní.

Ọjọ́ kẹrinlélógún oṣù kẹjọ ọdún 1937 ni wọ́n bí i l'Ábẹ́òkúta, nínú ẹbí Gbágùrá. Ọmọ kẹtàlélógún ni fún bàbá rẹ̀, Sàláwù, òun sì ni àkọ́kọ́ tó yè nínú gbogbo wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Káṣìmawò, ká ṣì máa wò ó ná, bóyá èyí á dúró. Ó dúró. Ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń lọ ṣẹ́gi nínú igbó kó tó lọ síléèwé, tó ń tà á kí owó lè wọlé. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó kó ẹgbẹ́ jọ, wọ́n ń lu ìlù níbi ìnáwó, oúnjẹ sì ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà kó tó di owó. Nígbà tó dé Baptist Boys' High School, òun ni olóòtú ìwé ìròyìn iléèwé náà, The Trumpeter, Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sì ni igbákejì rẹ̀. Ẹ wo bí ọjọ́ iwájú orílẹ̀-èdè kan ṣe lè jókòó sínú kíláàsì kan l'Ábẹ́òkúta láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Lẹ́yìn iléèwé, ó di akọ̀wé ní báńkì Barclays n'Íbàdàn. Ó kúrò níbẹ̀ lọ sí àjọ tó ń yáni lówó ní Ìwọ̀ Oòrùn nígbà náà, kó tó gba Glasgow lọ ní Scotland láti lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣirò owó. Ipò kìíní ló fi jáde ní yunifásítì náà. Nígbà tó padà dé, ó ṣe akáǹtáǹtì ní ilé ìwòsàn LUTH n'Ídí-Àràbà, ó ṣe é ní Pfizer tó ń ta oògùn, nígbà tó sì kù díẹ̀ kí àwọn ọdún 1960 tán, ó wọ ITT.

ITT yìí kì í ṣe ilé iṣẹ́ kékeré rárá. New York ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Láti orí tẹlifóònù ló ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí Harold Geneen fi ń darí rẹ̀, ó ti ní hòtẹ́ẹ̀lì Sheraton, ó ti ní ilé iṣẹ́ adójútòfò, kódà ó ní ilé iṣẹ́ búrẹ́dì. Káàkiri ayé ló ní ọmọ ilé iṣẹ́ sí. Ọ̀nà kan sì wà tí Geneen fi ń mú gbogbo wọn lókùn, èyí tí àwọn tó ń kọ́ nípa òwò ṣì ń sọ títí dòní: akáǹtáǹtì àgbà tó wà ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan kì í jábọ̀ fún ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó wà nílùú yẹn nìkan, New York ló ń jábọ̀ fún tààrà. Oṣooṣù ni wọ́n sì ń pe àwọn ọ̀gá jọ sí New York àti Brussels, tí wọ́n á máa bi wọ́n léèrè nípa owó lójú gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ìṣirò rẹ̀ ò bá pé, ojú tì í lọ́jọ́ yẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá mọ ìwé owó ní ITT, òun gan-an ló mọ ilé iṣẹ́ náà. Ẹnu ọ̀nà ìwé owó yìí ni ọmọ Gbágùrá gbà wọlé.

Àsìkò tó wọlé náà dára fún un. Kó tó di ọdún 1968, ilé iṣẹ́ òyìnbó kan lè kàn yá ọ́fíìsì ní Marina l'Ékòó, kó kọ orúkọ sára ilẹ̀kùn, kó máa tajà. Òfin ilé iṣẹ́ tí ìjọba ológun ṣe lọ́dún yẹn ló ní ó tó gẹ́ẹ́: ilé iṣẹ́ àjèjì tó bá fẹ́ ṣòwò ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ Nàìjíríà, kó sì ní àwọn dírẹ́kítọ̀ tirẹ̀. Bí bọ́ọ̀dù ṣe di nǹkan pàtàkì nìyẹn. Lọ́sàn-án kan òru kan, àwọn òyìnbó ń wá ọmọ ilẹ̀ yìí tí wọ́n á fi sórí àga.

Ó yẹ ká là á yé ara wa, kí ni bọ́ọ̀dù ń ṣe nínú ilé iṣẹ́ tí àjèjì àti onílé jọ ni? Ẹ̀yin tẹ́ẹ máa ń gba ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Èkó, ẹ ti rí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ewékorò. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1960, owó ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn wà níbẹ̀, owó UAC wà níbẹ̀, owó àwọn onísìmẹ́ǹtì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà wà níbẹ̀. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni òkúta tí wọ́n ń gbẹ́ ti wá, ìmọ̀ ẹ̀rọ wá láti òkè òkun. Bí ọmọ tó ní bàbá mẹ́ta ni. Ìjọba fẹ́ iṣẹ́ fún àwọn ọmọ ìpínlẹ̀, UAC fẹ́ ọjà tí yóò tà, òyìnbó fẹ́ èrè tó máa gbé lọ sílé. Inú yàrá bọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ń pàdé láti pinnu èwo ni kó ṣáájú: ta ni yóò jẹ́ ọ̀gá àgbà, èló la máa pín gẹ́gẹ́ bí èrè, èló la máa fi ra ẹ̀rọ tuntun, ọwọ́ ta la ti máa rà á. Òfin sì sọ pé dírẹ́kítọ̀, ẹni yòówù tí ì báà rán an wá síbẹ̀, àǹfààní ilé iṣẹ́ náà ló gbọ́dọ̀ máa wò. Ó rọrùn láti kọ sínú ìwé. Àmọ́ ẹni tí New York ń sanwó oṣù rẹ̀, tí ìpinnu tó wà níwájú rẹ̀ sì máa dín owó New York kù, ọ̀rọ̀ ń bẹ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Nídìí ọ̀rọ̀ tẹlifóònù gan-an, ìjọba Nàìjíríà ti tọ́ ọ wò. Ilé iṣẹ́ NET, tó ń bójú tó ìpè sí òkè òkun láti ọdún 1963, ìjọba àpapọ̀ ló ni 51 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, Cable and Wireless ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ni 49. Ẹni tó ní 51 ló yẹ kó máa pàṣẹ. Síbẹ̀, nígbà tó di ọdún 1972, ìjọba ra gbogbo ìyókù.

Ìtàn tó gbajúmọ̀ jù nípa bí Abíọ́lá ṣe gòkè ní ITT ni ti gbèsè àwọn ológun. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyí: iléeṣẹ́ ológun jẹ ITT lówó tabua lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, owó ò wọlé, wọ́n wá rán akáǹtáǹtì tuntun lọ gbà á. Ọ̀gá ẹ̀ka ìbánisọ̀rọ̀ ológun nígbà náà ni Murtala Muhammed, ẹni tí gbogbo èèyàn mọ̀ pé inú rẹ̀ kì í pẹ́ bí. Wọ́n ní àwọn méjèèjì pariwo mọ́ ara wọn débi pé ọ̀gá àgbà ọmọ ogun orí ilẹ̀, Hassan Katsina, ló dá sí i, tí wọ́n sì kọ sọ̀wédowó fún Abíọ́lá. Àwọn tó ń sọ ìtàn náà máa ń bu iyọ̀ sí i, bí ìtàn olówó ṣe máa ń rí. Apá tó kàn yìí ni kò yẹ kó fò wá ru. Wọ́n ní nígbà tí owó náà dọ́wọ́ àwọn òyìnbó tán, tí wọ́n ń yìn ín, ó sọ fún wọn pé owó oṣù nìkan ò tó òun mọ́. Ìpín nínú ilé iṣẹ́ náà lòun ń fẹ́.

Ìbéèrè yẹn jinlẹ̀ ju bó ṣe rí lójú lọ. Àwọn àgbà tó ní bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í béèrè ikú tó pa baba ẹni, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Akáǹtáǹtì tó ti rí ìwé owó láti inú mọ̀ pé alága tí ò ní ìpín, àlejò ni nínú ilé. Wọ́n á gbé omi mímu fún un, wọ́n á pè é ní sà, wọ́n á sì ti pinnu kó tó dé. Bó ti wù kí àdéhùn àárín wọn rí, nígbà tí àwọn ọdún 1970 fi bẹ̀rẹ̀, Abíọ́lá ti di alága àti ọ̀gá pátápátá fún ITT Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ṣe igbákejì ààrẹ ilé iṣẹ́ náà fún Áfíríkà àti Àárín Gbùngbùn Ìlà Oòrùn. Ẹni tó ń ta igi ìdáná l'Ábẹ́òkúta ló ń bọ́ sílẹ̀ nínú bàálù ní New York láti lọ ṣèpàdé.

Àkókò yẹn náà ni ìjọba ológun gbé òfin àtúnpín òwò jáde. Ti ọdún 1972, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1974, fi àwọn òwò kan sílẹ̀ fún ọmọ Nàìjíríà nìkan, ó sì ní nínú àwọn mìíràn, ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tó di ọdún 1977, lásìkò Ọbásanjọ́, wọ́n tún un ṣe: gbogbo òwò pátá bọ́ sí ọ̀nà mẹ́ta, ti 100, ti 60 àti ti 40. Káàkiri Èkó ni wọ́n ti ń wá ẹni tó máa ra ìpín, ẹni tó máa jókòó ní bọ́ọ̀dù. Àwọn kan fowó ara wọn ra tiwọn. Àwọn mìíràn kàn yá òyìnbó lórúkọ. Irú wọn ni wọ́n fi orí wọn fọ́ àgbọn, tí wọn ò jẹ níbẹ̀, àfi owó ìjókòó àti páálí wáìnì nígbà Kérésìmesì.

Ọgbọ́n tí àwọn ilé iṣẹ́ àjèjì dá sí òfin yìí pọ̀. Ẹni tí òfin ní kó ta 60 lè pín in fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má ní ju díẹ̀ lọ, kí òun tó mú 40 dání sì jẹ́ ẹni tó pọ̀ jù nínú yàrá. Ó lè gbà kí alága jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kó sì di ipò ọ̀gá àgbà àti ti akáǹtáǹtì mú ṣinṣin. Ó lè kọ ọ́ sínú àdéhùn pé àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí bọ́ọ̀dù ò lè fọwọ́ sí láìjẹ́ pé òun gbà. Èyí tó mọ́ jù nínú gbogbo rẹ̀ ni àdéhùn ìmọ̀ ẹ̀rọ: ilé iṣẹ́ tó wà ní Nàìjíríà á máa sanwó lọ́dọọdún fún ìyá rẹ̀ nítorí ìmọ̀ àti orúkọ tó yá a, owó náà á sì ti jáde kí wọ́n tó ṣírò èrè tí àwọn onípìn-ín máa pín. Àjọjẹ ò dùn bí ẹnìkan ò bá ní, ṣùgbọ́n ẹni tó ní náà gbọ́dọ̀ mọ ibi tí wọ́n ti ń bu ọbẹ̀ kí àwo tó dé orí tábìlì.

Irú ìjà yìí ò tíì tán. Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń lo Airtel, ṣé ẹ rántí pé Econet ló ń jẹ́ nígbà tó dé lọ́dún 2001? Àwọn onípìn-ín Nàìjíríà àti Econet tó wá láti Zimbabwe fa ọ̀rọ̀ nínú bọ́ọ̀dù lórí ta ni yóò máa darí ilé iṣẹ́ náà. Orúkọ yí padà sí Vmobile lọ́dún 2004, ó di Celtel, ó di Zain, kó tó di Airtel lọ́dún 2010, ọ̀rọ̀ náà sì pẹ́ ní kóòtù.

Abíọ́lá kì í ṣe alága fún ìṣojú. Ó mọ ìwé owó, ó mọ àwọn ológun tó ń gbé iṣẹ́ fúnni, ó sì ní ohùn ní New York. Èyí gan-an ló mú kí ẹ̀bi wá sórí rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, owó epo ń wọlé, ìjọba ń gbé iṣẹ́ tẹlifóònù jáde, ITT wà lára àwọn tó ń gbà á. Ṣùgbọ́n tẹlifóònù tó wà nílé àwọn tó rí i gbà ò dún. Ẹlòmíràn á gbé e sétí fún wákàtí kan, kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ó tún wá bọ́ sí àsìkò tí orúkọ ITT ti bàjẹ́ káàkiri ayé: àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ti tú u síta pé lọ́dún 1970 ilé iṣẹ́ náà ti fẹ́ fi owó dọ́là mílíọ̀nù kan ran ilé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ CIA lọ́wọ́ kí Salvador Allende má bàa dépò ààrẹ ní Chile.

Ní nǹkan bí ọdún 1980, ọmọ Abẹ́òkúta mìíràn, Fẹlá Aníkúlápó Kútì, gbé rẹ́kọ́ọ̀dù kan jáde tó fi lẹ́tà ITT yẹn pe àwọn ilé iṣẹ́ ńlá àti àwọn olórí ní olè àgbáyé. Ó dárúkọ Abíọ́lá, ó dárúkọ Ọbásanjọ́, olóòtú The Trumpeter àti igbákejì rẹ̀ nínú orin kan ṣoṣo. Orin ni, kì í ṣe ìdájọ́ kóòtù. Àmọ́ ó fi hàn bí ọ̀rọ̀ alága ilé iṣẹ́ àjèjì ṣe rí lójú ará ìlú. Geneen ò gbé ní Nàìjíríà, wọn ò mọ ojú rẹ̀. Ìjọba tó fọwọ́ sí iṣẹ́ náà ò ṣeé pè lẹ́jọ́. P&T tó yẹ kó máa tún wáyà ṣe, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti sú gbogbo èèyàn. Ojú kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ ni ti Abíọ́lá. Bí wọ́n bá rò ó dáadáa, ó gba èébú tirẹ̀, ó tún gba ti àwọn tí kò sí nílé. Kò sì lè sọ pé kò kan òun, torí òun náà ló béèrè fún ìpín.

Bóyá ìyẹn wà lára ohun tó mú un sáré ní tirẹ̀. Ó ti dá ilé iṣẹ́ Radio Communications Nigeria sílẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 1980 ni National Concord jáde, ìwé ìròyìn tí òun fúnra rẹ̀ ni, tí New York ò ní ọwọ́ níbẹ̀. Oko, búrẹ́dì, ọkọ̀ òkun, ọkọ̀ òfuurufú, epo, gbogbo rẹ̀ ló dáwọ́ lé. Àwọn kan ní ojúkòkòrò ni. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ti jókòó pẹ́ nínú yàrá tí ẹlòmíràn ti ń sọ gbólóhùn ìkẹyìn, kì í pẹ́ tí á fi wá yàrá tirẹ̀.

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn sì dé lóòótọ́. Lọ́dún 1986, àwọn ọ̀gá ITT ní Amẹ́ríkà fi òwò tẹlifóònù wọn lé ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Faransé kan, Compagnie Générale d'Électricité, lọ́wọ́. Òwò tó so gbogbo wọn pọ̀ bọ́ sábẹ́ orúkọ tuntun, Alcatel. Ìpinnu yìí kan gbogbo ibi tí ITT ti ń ta tẹlifóònù, àmọ́ bọ́ọ̀dù Nàìjíríà kọ́ ló ṣe é. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn: bọ́ọ̀dù ọmọ lè bá ìyá jiyàn lórí èrè àti lórí ẹni tí wọ́n máa gbà síṣẹ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìyá bá ní òun fẹ́ ta ilé, ìròyìn ló máa ń gbọ́. Nígbà tó di ọdún 1988, Abíọ́lá ti fi ipò igbákejì ààrẹ náà sílẹ̀.

Ọdún 1988 yìí kan náà ni Aláàfin Ọ̀yọ́, Ọba Làmídì Adéyẹmí, fi í jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Òṣèlú tó wá tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ yín ló mọ̀ ọ́n. Ó díje lábẹ́ ẹgbẹ́ SDP, wọ́n dìbò lọ́jọ́ kejìlá oṣù kẹfà ọdún 1993, Babangida fagi lé e. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó kéde ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ààrẹ n'Ípétédò l'Ékòó, ìjọba Abacha sì gbé e lọ.

Inú àhámọ́ ló wà lọ́dún 1995 tí ìjọba Abacha fi fagi lé òfin àtúnpín òwò ọjọ́sí. Òfin tuntun tó gbé àjọ NIPC kalẹ̀ sọ pé àjèjì lè ní gbogbo 100 nínú ọ̀pọ̀ òwò ní Nàìjíríà, kò pọn dandan kó wá ọmọ ilẹ̀ yìí tí wọ́n á jọ ni ín. Ọ̀nà tí ìran Abíọ́lá gbà wọ inú bọ́ọ̀dù àwọn òyìnbó ni wọ́n tì yẹn. Ẹni tó bá tún fẹ́ jókòó síbẹ̀ báyìí, owó tàbí ìmọ̀ rẹ̀ ló máa bá a sọ ọ́.

Ó kú sí àhámọ́ lọ́jọ́ keje oṣù keje ọdún 1998, wọ́n sì sin ín sínú ọgbà ilé rẹ̀ n'Íkẹjà. Oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni tẹlifóònù alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. ITT ò sí lára àwọn tó gba ìwé àṣẹ.